Ctrl-X Ctrl-F ò rí fáìlì tó wà níbẹ̀: ibo ni Vim ti ń kà á?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ojú-ewé ayélujára kan ni mò ń kọ lórí àwọn ilé àtijọ́ àti eré Ẹ̀yọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. HTML lásán ni. Vim ni mò ń lò lórí Ubuntu, RAM kọ̀ǹpútà náà ò ju 4GB lọ, n ò sì fẹ́ ẹ́dítọ̀ tó máa jẹ mẹ́mọ́rì tàbí tó máa jẹ dátà. Bí mo ṣe to fódà rẹ̀ nìyí:

    eko/
      gbe.sh
      ojuewe/isale/iga.html
      ojuewe/isale/tinubu.html
      aworan/iga/
      aworan/ẹ̀yọ̀/

Àwòrán tó wà níbẹ̀ lé ní 400, orúkọ wọn gùn, lẹ́tà kan ṣoṣo téèyàn bá ṣì tẹ̀, àwòrán ò ní jáde. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ẹ́dítọ̀ máa bá mi parí orúkọ. Mo mọ̀ pé téèyàn bá wà ní insert mode (ipò tí Vim ti ń gba ohun tí à ń tẹ̀), tó tẹ Ctrl-X, tó sì tẹ Ctrl-F tẹ̀ lé e, Vim á wá orúkọ fáìlì fún un. Inú eko ni mo máa ń wà kí n tó ṣí Vim. Ibi mẹ́ta ló ti ń já mi kulẹ̀.

Nínú iga.html, mo kọ src="../../aworan/i, mo wá tẹ̀ ẹ́. "Pattern not found" ló kọ sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀nà fáìlì yẹn tọ́, torí nígbà tí mo fọwọ́ kọ ọ́ tán pátápátá, browser gbé àwòrán náà jáde.

Nínú gbe.sh, tó jẹ́ skríptì bash, mo kọ AWORAN=/home/akowe/eko/aw. Kò rí nǹkan kan. Tí mo bá fi àyè sí ẹ̀yìn = ó ń rí i, ṣùgbọ́n bash ò gba àyè níbẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló rú mi lójú jù. Fódà ẹ̀yọ̀ wà níbẹ̀, ls ń fi í hàn. Tí mo bá kọ aworan/ nìkan tí mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yọ̀ á yọ nínú àwọn orúkọ tó kó wá. Tí mo bá wá fi ẹ̀ kún un kí n tó tẹ̀ ẹ́, kò mọ̀ ọ́n mọ́. Alábàáṣiṣẹ́ mi kan ní Yábàá ló fi Mac rẹ̀ dá fódà yẹn, zip ló fi kó o ránṣẹ́. VS Code, ẹ́dítọ̀ mìíràn, lòun ń lò, ó sì ní Ctrl+Space tó yẹ kó bá òun parí orúkọ kì í ṣe nǹkan kan lórí tòun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lóye.

Ará Àkọkà

Ẹ kú iṣẹ́. Wàhálà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Màá mú méjì àkọ́kọ́, ẹni tó mọ̀ nípa Mac á mú ẹ̀kẹta.

Ti iga.html: Ctrl-X Ctrl-F kì í wo ibi tí fáìlì tí ẹ ń kọ wà. Fódà tí Vim fúnra rẹ̀ wà ló ń kà á láti ibẹ̀. Ẹ tẹ :pwd, ẹ ó rí i pé eko ló máa pè. Tí ẹ bá wá kọ ../../aworan, Vim á gbé ìgbésẹ̀ méjì sẹ́yìn kúrò nínú eko, á bọ́ sí ìta iṣẹ́ yín pátápátá. Browser ní tirẹ̀ ń kà á láti ibi tí iga.html wà, ìdí nìyẹn tí tirẹ̀ fi bọ́ sí i. Ẹ sọ fún ẹni tó dúró ní CMS àti ẹni tó dúró ní Ojúẹlẹ́gba pé kí wọ́n ṣẹ́ sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò ní pàdé.

Ohun tí ẹ máa ṣe ni pé kí ẹ gbé Vim lọ sí fódà fáìlì náà:

    :lcd %:p:h

% ni fáìlì tí ẹ wà nínú rẹ̀, :p ní kó kọ ọ̀nà rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, :h ní kó gé orúkọ fáìlì kúrò kó ku fódà. L tó wà nínú lcd ló ṣe pàtàkì: wíńdò yẹn nìkan ló kàn, àwọn wíńdò yòókù á ṣì wà nínú eko. Tí ẹ kò bá fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́, ẹ fi èyí sínú ~/.vimrc:

    autocmd BufEnter *.html,*.css silent! lcd %:p:h

HTML àti CSS nìkan ni mo kọ síbẹ̀, torí àwọn ni wọ́n ń ka ọ̀nà fáìlì láti ibi tí àwọn fúnra wọn wà.

Bí ẹ ṣe máa lo àwọn orúkọ tó bá kó wá: Ctrl-N lọ sísàlẹ̀, Ctrl-P lọ sókè, Ctrl-Y gbà á, Ctrl-E sọ pé ẹ kò fẹ́, á sì dá ohun tí ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀ padà. Tó bá jẹ́ fódà lẹ mú, Vim á fi / sí ìdí rẹ̀. Ẹ má fọwọ́ kọ ohun tó kù o. Ẹ tún tẹ Ctrl-X Ctrl-F, á wọ inú fódà yẹn lọ. Báyìí lẹ ṣe máa dé ìsàlẹ̀ láìtẹ ju lẹ́tà kan tàbí méjì lọ.

Ti gbe.sh: Vim ní àkójọ àwọn àmì tó gbà pé wọ́n lè wà nínú orúkọ fáìlì. Ẹ tẹ :set isfname? kí ẹ wò ó. Lórí Linux, = wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, lójú Vim, AWORAN=/home/akowe/eko/aw jẹ́ orúkọ fáìlì kan ṣoṣo látòkè délẹ̀, kò sì sí fódà tó ń jẹ́ "AWORAN=" níbì kankan. Ẹ yọ ọ́ kúrò:

    set isfname-==

Kì í ṣe àṣìtẹ̀ o. = àkọ́kọ́ jẹ́ ti àṣẹ -=, èkejì ni àmì tí ẹ ń yọ.

Àyè ò sí nínú àkójọ yẹn ní tirẹ̀. Tí ẹ bá ní fódà tó ń jẹ́ "ile iga", Vim á kọ orúkọ náà sílẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá tún tẹ Ctrl-X Ctrl-F láti wọ inú rẹ̀, iga/ nìkan ló máa rí, torí àyè ti gé e sí méjì. Ẹ lè fi àyè kún un pẹ̀lú set isfname+=32, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ tó ṣáájú lórí ìlà yẹn ló máa wá dà bí orúkọ fáìlì lójú rẹ̀. Ẹ kúkú fi dáàṣì rọ́pò àyè nínú orúkọ, ó tán.

Ará Ṣómólú

Ẹ̀gbọ́n Àkọkà, ẹ ṣeun, àlàyé yín yè kooro. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ fi kún ìlà autocmd yẹn. Tí wọ́n bá ṣí iga.html, tí wọ́n wá fi :e ṣí gbe.sh nínú wíńdò kan náà, lcd yẹn ò ní kúrò. Wíńdò náà á ṣì wà nínú ojuewe/isale. Tí wọ́n bá wá kọ aworan/ nínú gbe.sh, Vim á tún ní òun ò rí i, tàbí kí :make máa wá Makefile níbi tí kò sí. Kódà tí ẹ bá pín wíńdò sí méjì lẹ́yìn lcd, èyí tuntun á jogún fódà ti àkọ́kọ́. Ẹ fi ìlà kejì tì í:

    autocmd BufEnter *.sh silent! lcd ~/eko

Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa dá set autochdir lábàá láìpẹ́. Ó rọrùn lóòótọ́, gbogbo fáìlì tí ẹ bá wọ̀ ni Vim á tẹ̀ lé lọ sí fódà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìrànlọ́wọ́ Vim fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé àwọn plugin kan lè má ṣiṣẹ́ mọ́ tí ẹ bá ṣí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kì í ṣe gbogbo fáìlì ló ń kà á láti ibi tó wà. Ẹ wo LaTeX tí a fi ń to ìwé níhìn-ín. Tí iwe.tex bá pe ori/kinni.tex pẹ̀lú \input, tí kinni.tex wá pe àwòrán, LaTeX kì í kà á láti inú ori/. Ibi tí wọ́n ti pe LaTeX, níbi tí iwe.tex wà, ló ti ń kà á. Ẹni tó bá tan autochdir á gba ../aworan/ilekun.pdf láti ọwọ́ Vim, ó máa rí i lórí ẹ́dítọ̀ pé ó pé, nígbà tó bá sì to ìwé náà, LaTeX á ní fáìlì ò sí. Irú àṣìṣe yẹn burú ju kí Vim má rí nǹkan kan lọ, torí ó máa ń dà bíi pé ó tọ́.

Ìbéèrè tó yẹ kí èèyàn kọ́kọ́ dáhùn nìyí: ta ló máa ka ọ̀nà fáìlì yìí níkẹyìn, ibo lòun á sì dúró kà á? Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé ẹ́dítọ̀ lọ dúró síbẹ̀.

Ará Súrùlérè

Fódà ẹ̀yọ̀ ló mú mi wọlé, torí kò sí ẹni tó ń fàmì sórí Yorùbá tí kò ní bá èyí pàdé.

Lójú tiwa, ẹ̀ jẹ́ lẹ́tà kan. Kò sí bẹ́ẹ̀ nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Kò sí àmì kan ṣoṣo tó gbé àmì abẹ́ àti àmì ohùn pọ̀ fún ẹ tàbí ọ wa, àkópọ̀ ni gbogbo wọn. Ó kéré tán, ọ̀nà mẹ́ta lèèyàn sì lè gbà kó wọn pọ̀. Ẹ tó ti ní àmì abẹ́ lára, kí àmì ohùn tẹ̀ lé e: báìtì rẹ̀ ni e1 ba b9 cc 80. Tàbí e lásán, àmì abẹ́, lẹ́yìn náà àmì ohùn: 65 cc a3 cc 80. Tàbí è tó ti ní àmì ohùn lára, kí àmì abẹ́ wá kẹ́yìn: c3 a8 cc a3. Ojú ò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Àkọ́kọ́ ni NFC, èkejì ni NFD, ẹ̀kẹta kò sí nínú méjèèjì, ìtò kíbọ́ọ̀dù tàbí ọwọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ló ń bí i.

Mac ayé àtijọ́ tó ń lo HFS+ (ètò tí díìsìkì fi ń tọ́jú fáìlì) máa ń tú orúkọ fáìlì palẹ̀ fúnra rẹ̀ sí irú èkejì. APFS tó rọ́pò rẹ̀ ní 2017 máa ń fi orúkọ sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n ó gbà pé irú kìíní àti ìkejì jẹ́ ọ̀kan náà. Nítorí náà, ẹni tó wà ní Yábàá yẹn ò ní rí wàhálà kankan lórí tirẹ̀. Ext4, irú ètò bẹ́ẹ̀ tó wà lórí Ubuntu, ò mọ Yorùbá, báìtì ló ń fi wé báìtì. Kíbọ́ọ̀dù yín ń tẹ irú kan, fódà tó ti inú zip jáde jẹ́ irú mìíràn. Ẹ wò ó fúnra yín:

    ls aworan | xxd

Nínú Vim, ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí lẹ́tà náà, ẹ tẹ g8, á kọ báìtì rẹ̀ sísàlẹ̀.

Ní báyìí ná, ẹ má fọwọ́ tẹ lẹ́tà alámì rárá. Ẹ dúró sí aworan/, ẹ tẹ Ctrl-X Ctrl-F, kí ẹ fi Ctrl-N mú ẹ̀yọ̀. Báìtì tó wà lórí díìsìkì gan-an ni Vim máa kọ sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú kí ẹ́dítọ̀ máa parí orúkọ nìyẹn: kì í ṣe torí kí ọwọ́ má rẹni, torí pé ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ló ń kọ. Ti lẹ́tà ńlá àti kékeré náà wà nínú rẹ̀. Àwòrán tó ń jẹ́ Iga.JPG, tí ẹ pè ní iga.jpg, Mac ò ní sọ̀rọ̀, Windows ò ní sọ̀rọ̀, ọjọ́ tó bá dé orí sáfà Linux ló máa di 404.

Àtúnṣe tó máa pẹ́ ni kí ẹ sọ gbogbo orúkọ di NFC:

    sudo apt install convmv
    convmv -f utf8 -t utf8 --nfc -r aworan

Èyí kàn máa sọ ohun tó fẹ́ ṣe ni, kò tíì yí nǹkan kan padà. Tí ó bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ fi --notest kún un. Ẹ má gbàgbé pé ọ̀rọ̀ inú HTML náà ní báìtì tirẹ̀. Tí ẹ bá ti kọ orúkọ fódà náà sínú ojú-ewé, ẹ fi uconv ṣe é, inú icu-devtools ló wà:

    uconv -x any-nfc iga.html > iga-tuntun.html

Ti ẹni Yábàá: bóyá kíbọ́ọ̀dù méjì ló wà lórí Mac rẹ̀, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí kíbọ́ọ̀dù bá ti ju ẹyọ kan lọ, macOS fúnra rẹ̀ ló ń lo Ctrl+Space láti fi pààrọ̀ wọn, àṣẹ náà ò ní dé ọ̀dọ̀ VS Code. Kó lo Option+Escape dípò rẹ̀, tàbí kó wọ System Settings, Keyboard, Keyboard Shortcuts, Input Sources, kó yọ àmì kúrò níwájú èyí tó ń lo Ctrl+Space. Fún src àti href nínú HTML, kò nílò extension kankan, VS Code ń ṣe é látilẹ̀, láti ibi tí ojú-ewé wà ló sì ti ń kà á.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Ẹ ṣeun gan-an ni, Olúwa á máa bá yín ṣe é. lcd àti isfname ti yanjú méjì àkọ́kọ́. Ohun tí xxd sọ fún fódà náà ni 65 cc a3 cc 80 79 6f cc a3 cc 80, irú ìkejì tí ẹ sọ nìyẹn.

Ó ku ohun méjì. Kí ló dé tí gf (àṣẹ Vim tó ń ṣí fáìlì tí kọ́sọ̀ wà lórí orúkọ rẹ̀) fi ń ṣí tinubu.html láti inú iga.html kí n tó lo lcd rárá, tí Ctrl-X Ctrl-F ò sì rí i? Èkejì, convmv ṣe àwọn àwòrán tán, ó fo fódà ẹ̀yọ̀ fúnra rẹ̀, ó ní "exists". Mo wá rántí pé mo ti fi mkdir dá ẹ̀yọ̀ mìíràn síbẹ̀ nígbà tí mò ń wá ojútùú, mo sì ti kó àwòrán díẹ̀ sínú rẹ̀. Méjì ló wà níbẹ̀ báyìí, orúkọ kan náà lójú.

Ará Àkọkà

gf ń lo ètò kan tó ń jẹ́ path, ohun àkọ́kọ́ tó wà nínú rẹ̀ ni àmì ìdánudúró, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni "fódà fáìlì tí mo wà nínú rẹ̀". Ctrl-X Ctrl-F ò ka path sí rárá, ìwé ìrànlọ́wọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dáa kí ẹ mọ̀ ọ́n, torí gf wúlò láti fi yẹ líńkì wò: tó bá ṣí i láìsí ìjà lẹ́yìn lcd, ọ̀nà náà sábà máa ń tọ́ fún browser.

Tí ẹ bá ń kọ líńkì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú / bíi /aworan/iga/, Vim á lọ sí ìdí díìsìkì kọ̀ǹpútà yín, torí òun ò mọ̀ pé eko ni ìdí ayélujára yín. VS Code mọ̀ ọ́n nínú HTML. Ẹ má lo irú líńkì yẹn nínú Vim tó bá jẹ́ pé ìparí orúkọ lẹ ń wá.

Fún àwọn tó máa ka èyí lẹ́yìn wa nítorí Python: ìlànà tí ará Ṣómólú sọ mú yín dáadáa. open("data/oja.csv") kì í kà á láti ibi tí fáìlì .py wà, ibi tí ẹ ti pè é ní tẹ́mínà ló ti ń kà á. Path Intellisense, extension kan lórí VS Code tó ń parí orúkọ fáìlì, á fún yín ní ọ̀nà láti ibi tí .py wà, ẹ ó rí FileNotFoundError. Ẹ kọ Path(__file__).parent / "data" / "oja.csv", ọwọ́ àti ẹ́dítọ̀ á bá ara wọn mu. Lórí Windows, ẹ má gba backslash sínú àmì ọ̀rọ̀ lásán: "C:\iwe\nomba.csv" ní \n nínú, Python á kà á sí ìlà tuntun. / ni kí ẹ lò, Windows gbà á fún Python. Ẹni tí dátà wọ́n lọ́wọ́ lè gba fáìlì .vsix extension náà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lórí flash, kó sì tẹ code --install-extension pẹ̀lú orúkọ fáìlì náà.

Ará Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tà

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Emacs, ẹ́dítọ̀ mìíràn, kún un ní ṣókí, torí ó yàtọ̀: default-directory ti buffer kọ̀ọ̀kan ni fódà fáìlì rẹ̀ látilẹ̀, ẹ kò nílò lcd. Ẹ fi (global-set-key (kbd "M-/") 'hippie-expand) sínú init yín, ìparí orúkọ fáìlì ló máa kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹ tún tẹ M-/ títí á fi mú èyí tí ẹ fẹ́. LaTeX nìkan ni kí ẹ ṣọ́ra fún, M-x cd lẹ máa fi gbé buffer náà lọ sí ibi tí iwe.tex wà.

Ará Súrùlérè

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ má lo --replace láti fi borí rẹ̀ o. Ẹ kó méjèèjì sínú fódà kẹta tí kò ní àmì kankan lórúkọ:

    mkdir aworan/odun
    mv -n aworan/*y*/* aworan/odun/
    rmdir aworan/*y*

*y* á mú ẹ̀yọ̀ méjèèjì torí y ò ní àmì, kò sì ní fọwọ́ kan iga tàbí odun. -n kò jẹ́ kí àwòrán kan tẹ èkejì mọ́lẹ̀ tí orúkọ wọn bá jọra. rmdir kì í pa fódà tó ṣì ní nǹkan nínú. Tó bá ní "Directory not empty", àwọn tí orúkọ wọn jọra ló kù síbẹ̀ yẹn, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yí orúkọ wọn padà, kí ẹ tún ìlà kejì àti ìkẹta ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi àwọn orúkọ sílẹ̀ láìlámì: odun/adimu-01.jpg, odun/laba-01.jpg. Àmì tó péye, ẹ kọ ọ́ síbi tí èèyàn ti máa kà á, nínú alt="Ẹ̀yọ̀ Adímú" àti nínú ọ̀rọ̀ ojú-ewé fúnra rẹ̀.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó

Àwòrán mẹ́ta ló kù nínú fódà àtijọ́ kan, orúkọ wọn bára mu pẹ̀lú tinú èkejì, ṣùgbọ́n àwòrán ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Mo ti fi nọ́ńbà sí ìdí wọn, rmdir gbà. Mo kọ ../../aworan/o nínú iga.html báyìí, Vim parí ẹ̀, ó wọ inú odun, gbogbo wọn ló jáde.